Ibo Ni Kí Ọmọ Ọ̀tan Forí Lé, Kí Ni Yóò sì Bá Níbẹ̀?

Wọ́n ti kírun Ìṣá tán kí ìpàdé ẹbí kan tó bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀tan Ayégbajú ni. Iná ti lọ láti ọ̀sán, tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n gbé dúró sínú ife ni ó ń tànmọ́lẹ̀ sójú gbogbo wa. Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì: ìwé oko kòkó tí bàbá jogún, àti bébà kan tí ọmọbìnrin wọn kọ orúkọ ìlú mẹ́rin sí. London, Toronto, Èkó, Ìbàdàn.

Olùkọ́ ni ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti gboyè, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù kò tó ìdajì 70,000 náírà tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ máa gbà. Ó fẹ́ lọ, gbogbo ilé sì ti gbà pé kí ó lọ. Ibi tí yóò lọ ni wọ́n torí ẹ̀ pé jọ.

"London ni o," àbúrò bàbá rẹ̀ tó wá láti Òṣogbo ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó lọ lọ́jọ́sí ti kọ́lé fún ìyá ẹ̀."

"Dádì Òṣogbo, ọ̀nà tí ẹni yẹn gbà lọ ti dí," ọmọ náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọn ò gba àwọn tó ń tọ́jú arúgbó láti òkèèrè mọ́."

"Kánádà wá ńkọ́?"

"Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì, sà, tí a bá ta oko yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò lè tó o."

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà, tí gbogbo wa ti rò pé ó ń tòògbé, gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí ó bá débẹ̀ tí iṣẹ́ ò tètè yọjú, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn tààrà. Wọ́n tún padà sórí iye tí ilẹ̀ yóò mú wá. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbéèrè ìyá àgbà ni ó yẹ kí wọ́n ti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun kan náà ló ń lé àwọn ọmọ kúrò nílé. Bí iṣẹ́ ò bá sí, bí àìsàn bá dé, bí ọjà bá kùtà, ta ni yóò bọ́ ẹ? Ní Ọ̀tan, ẹbí ni ìdáhùn. Ó sì ti ń rẹ ẹbí.

Ìlú tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí

Ọ̀tan Ayégbajú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, láàárín àwọn òkè apá Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìrẹsì àti Ìgbájọ kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ibo ni ká lọ" kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè yìí pẹ̀lú jápa. Nígbà tí wọ́n ń parí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1886, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó bá wọn dá sí i, àdéhùn àlàáfíà náà dárúkọ ìlú mẹ́rin: Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ. Wọ́n ní kí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ Ìbàdàn. Wọ́n sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ará ìlú náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹrù rẹ̀, kí ó lọ máa gbé ní ilẹ̀ Èkìtìparapọ̀.

Mo máa ń ronú lórí gbólóhùn yẹn. Wọ́n fún àwọn babańlá wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí. Ẹni tí abà rẹ̀ ti jóná, tí ogun ti jẹ iṣu rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà wà fún un lórí ìwé. Ohun tí yóò jẹ lọ́nà, àti ohun tí yóò gbìn bí ó bá débẹ̀, ìyẹn di ọwọ́ ẹbí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Gold Coast, tí ó di Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà àti láti ọ̀pọ̀ ìlú ní apá ibí yìí kún ọjà Kumasi, Tamale àti Accra. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n bí síbẹ̀ tí wọn ò mọ ìlú bàbá wọn. Ní 18 November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀, tó ti ra mọ́tò, tó ti fi ọjà sí gbèsè, ẹrù tí orí lè gbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé délé.

Bàbá àgbàlagbà kan tó wà nínú wọn bá mi sọ ọ́. "Àwa tí a ti Ghana dé, ilé bàbá wa ló gbà wá," ni bàbá wí. "Oko wà nígbà yẹn. Wọ́n gé iṣu fún wa, wọ́n fi ilẹ̀ hàn wá. Ẹni tí wọ́n bá lé wálé lónìí, tí wọ́n ti ta oko láti fi rán an lọ, kí ni yóò bá?"

Àbọ̀ owó oṣù àti lítà epo kan

Ọjà Ọ̀tan kò ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àgbẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé, pẹ̀lú owó oṣù olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í san àbọ̀ owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ipò wọn ga ní 2015, tí ó sì fà á títí di 2018, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ló jìyà rẹ̀. "Bí tísà ò bá rówó gbà, ta ni mo fẹ́ ta ata fún?" Bí ìyá aláta kan ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn kan nínú ọmọ Ọ̀tan tó wà ní London lónìí, ìgbà àbọ̀ owó oṣù yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gba páspọ́ọ̀tù.

Nígbà tó di 29 May 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní bíi 460 náírà di nǹkan bíi 1,500. Owó ọkọ̀ sí Òṣogbo gbéra, owó ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ gbéra, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí olùkọ́ wa yìí wà kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo gbà pé ìyípadà kan pọn dandan nínú ọ̀rọ̀ epo. Ohun tí n kò gbà ni pé kí wọ́n gba owó yẹn kúrò lẹ́yìn gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n máa wá ẹni díẹ̀ tí wọn yóò fún ní ìrànwọ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Owó màmá ní ìsọ̀ POS

Bí oṣù bá ti ń parí, ẹ lọ dúró sí ìsọ̀ POS kan nítòsí ọjà. Màmá kan, tí yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún, tú fóònù kékeré kan jáde láti inú áńkáṣíìfù. Kò lè ka áléètì, ó gbé e fún ọmọ POS. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ti wọlé, mọ̀mí." Ọmọ náà yọ owó tirẹ̀, ó ka ìyókù sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá kò tíì kúrò ní ibùjókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, ó ká a kéékèèké, ó fi í sínú kọ́mú. Ó rékọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, ó san gbèsè kóńgò kan, ó tún ra kóńgò kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ owó lẹ́sìn, ó rán an sí tísà. Alájọ ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà, màmá pè é, ó gba káàdì rẹ̀, wọ́n sàmì sí i. Ẹgbẹ̀rún kan lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ọmọ kankan níta. Ìyókù, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Kò tó wákàtí kan tí owó náà fi kan ọwọ́ ẹni márùn-ún, kò sì sí èyí tí yóò jáde kúrò nílùú níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti oògùn.

Ọmọ màmá yìí ń tọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, yálà òjò ń rọ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Kò bi màmá léèrè ohun tí ó fi ṣe. Bí a bá kó gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun jọ, ó ń lọ sí bíi ogún bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan. Ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun ní owó oṣù láì ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò ní, aládùúgbò ni yóò fún un ní ẹgbẹ̀rún kan.

Èyí ló mú kí n ronú jinlẹ̀ lórí ohun kan tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn lé lórí fún ọdún pípẹ́: kí ìjọba máa san iye kan fún gbogbo aráàlú lóṣooṣù, olówó àti tálákà, ẹni tó níṣẹ́ àti ẹni tí kò níṣẹ́, láìsí fọ́ọ̀mù, láìsí ìbéèrè. Owó tí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ní lè já bọ́ kọjá rẹ̀.

Àwọn tó ti dán an wò

Kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan láyé tí ó ń san owó yìí ní kíkún lónìí, iye tí ènìyàn lè fi gbé ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan ti ṣe èyí tó jọ ọ́.

Ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà ń ta epo rọ̀bì bíi tiwa. Apá kan nínú owó epo náà ni wọ́n ń fi pamọ́ sínú àpò kan, láti 1982 ni wọ́n sì ti ń pín èrè àpò náà fún gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún odidi ọdún kan, ọmọ ọwọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ìjọba tó ń wọlé, ìjọba tó ń jáde, wọ́n lè jà lórí iye rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa á rẹ́, nítorí kò sí ilé kan tí kò kàn.

Iran ló sún mọ́ tiwa jù. Ní December 2010, ìjọba Iran dín owó ìrànwọ́ orí epo, gáàsì àti búrẹ́dì kù gan-an. Kí ó tó fi kún owó epo, ó ti kọ́kọ́ san owó sínú àkáǹtì àwọn ìdílé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 455,000 riali lóṣù, tí ó tó bíi 45 dọ́là nígbà náà. Bí ìdílé bá jẹ́ ènìyàn márùn-ún, wọn yóò gba ti ènìyàn márùn-ún. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àléébù ibẹ̀ wá pọ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan: wọ́n jẹ́ kí iye náà dúró lójú kan nígbà tí ọjà ń gbówó lórí, títí tí kò fi fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan mọ́.

Ní Kenya, àjọ GiveDirectly bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Nínú àwọn abúlé tí wọ́n yàn, gbogbo àgbàlagbà ló ń gba iye tó jẹ́ bíi 75 sẹ́ǹtì dọ́là lóòjọ́, lórí fóònù. Wọ́n ṣèlérí ọdún méjìlá fún àwọn abúlé kan, ọdún méjì fún òmíràn, wọ́n sì kó odidi owó ọdún méjì lé àwọn mìíràn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn olùṣèwádìí tí Abhijit Banerjee, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti Tavneet Suri wà lára wọn, gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2023. Àwọn ènìyàn náà kò di ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nínú iṣẹ́ alágbàṣe, wọ́n ṣí ìsọ̀ tiwọn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ọdún méjìlá ni tiwọn sì ṣe dáadáa ju àwọn ọlọ́dún méjì lọ, nítorí wọ́n kó owó oṣù náà sínú èsúsú, wọ́n ń kó o ní ẹyọ ńlá fún ara wọn.

Nígbà tí mo ka ti èsúsú yẹn, màmá ìsọ̀ POS àti káàdì alájọ rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ará Kenya yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ará Ọ̀tan. Ohun tí èsúsú ń fẹ́ ni kí owó dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ohun tí a ti rí nílé

A kò ṣe aláìrí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà Ọ̀ṣun ní November 2010, ó kó ọ̀dọ́ 20,000 sínú ètò O-YES, wọ́n ń gba 10,000 náírà lóṣù fún iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń ṣe. Ètò Àgbà Ọ̀ṣun náà san 10,000 náírà lóṣù fún ìwọ̀nba àwọn arúgbó tí wọ́n yàn. Ní Èkìtì, October 2011 ni ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn aláìní tó ti lé ní ọdún 65. Owó Arúgbó ni orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ irú owó yẹn sí ní Èkìtì. Nígbà tí ìjọba yí padà níbẹ̀ ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ìjọba Bíọ́dún Oyèbánjí ló tún jí i dìde.

Ẹ jẹ́ ká wo 5,000 náírà yẹn. Ní 2011, ó lé ní 30 dọ́là. Kí 2024 tó parí, kò pé dọ́là mẹ́rin mọ́. Lítà epo márùn-ún ló lè rà nígbà náà, bí ó bá tilẹ̀ rà á. Ohun tó ṣe Iran ló ń ṣe wá.

Ti ìjọba àpapọ̀ tún yàtọ̀. Ní October 2023, wọ́n kéde 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú ìwé orúkọ kan ni wọ́n ti ń mú àwọn ìdílé náà. Nígbà tó di January 2024, ẹ̀sùn ìnáwó ìnàkunà ti bẹ́ sílẹ̀, Ààrẹ dá mínísítà tó ń bójú tó o dúró, wọ́n sì dá àwọn ètò náà dúró fún ìwádìí. Ní Ọ̀tan, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé tó lè sọ fún mi bí orúkọ ṣe wọ ìwé yẹn. "Wọ́n wá kọ orúkọ wa lẹ́ẹ̀kan," ni bàbá kan sọ, "a fún wọn ní nọ́ńbà fóònù. Àtìgbà náà ni mò ń gbé fóònù sún."

Ibí yìí ni mo ti rí àǹfààní tó tóbi jù nínú kí gbogbo ènìyàn máa gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ti ẹni díẹ̀ ni, ẹnì kan ni yóò mú ìwé dání, ẹni náà ni yóò pinnu ẹni tó tòṣì tó. Fọ́ọ̀mù yóò di títà, káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú yóò di dandan, arúgbó tí kò mọ káńsẹ́lọ̀ yóò kù síta. Bí ó bá jẹ́ pé ti gbogbo ẹni tó lé ní ọdún 65 ni, kí ni ẹnikẹ́ni yóò tà? Ọjọ́ orí ló kù. Ó rọrùn fún àdúgbò láti mọ ẹni tó parọ́ ọjọ́ orí ju ẹni tó parọ́ òṣì lọ.

Ìṣirò rẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé owó ò sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí a bá ní kí àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù máa gba 10,000 náírà lóṣù, tírílíọ̀nù kan ni lóṣù, tírílíọ̀nù méjìlá lọ́dún. Ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún 2025 jẹ́ 54.99 tírílíọ̀nù. Tírílíọ̀nù méjìlá ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ó pọ̀, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní ọdún 65 kò ju bíi ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní Nàìjíríà. Bí a bá fi wọ́n sí mílíọ̀nù méje, bílíọ̀nù 840 ni lọ́dún. Kò tó náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún náírà ìṣúná yẹn. Ẹ mú un wá sí Bólúwadúró: ìkànìyàn 2006 fi àwọn ènìyàn ibẹ̀ sí bíi 70,000. Bí a bá ní arúgbó ibẹ̀ jẹ́ 3,000, ọgbọ̀n mílíọ̀nù náírà ni lóṣù. Ẹ ronú ohun tí ọgbọ̀n mílíọ̀nù yóò ṣe ní ọjà ẹlẹ́lùbọ́ àti aláta, bí ó bá ń wọlé lóṣooṣù bí ti màmá ìsọ̀ POS ṣe ń wọlé.

Olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé kan ní yunifásítì kan ní Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún mi lórí èyí. "Bí wọ́n bá tẹ owó tuntun láti fi san án, ọjà yóò gbé e mì," ni ó wí. "Inú owó orí àti owó epo tó ti wà nílẹ̀ ni kí wọ́n ti mú un. Bí ilé ìwòsàn kò bá sì ní oògùn, owó tí ẹ fún màmá, ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì ni gbogbo rẹ̀ yóò lọ." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò yẹ kí a fi owó yìí rọ́pò dókítà tàbí olùkọ́.

Àwọn mìíràn ní wọn yóò fi mutí. Ẹni tó bá ti dúró ní ìsọ̀ POS lópin oṣù kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àtakò kan wà tó lágbára ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ́ ọlọ́kadà kan ló sọ ọ́ fún mi láìfi pamọ́: "Tí ẹ bá ń fún mi ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, màá kó o jọ jápa ni." Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan yóò fi lọ, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó tó fara balẹ̀ kó jọ rìnrìn-àjò yàtọ̀ sí ẹni tó ta oko bàbá rẹ̀, tó sì yá owó èlé lé e. Ẹni àkọ́kọ́ lè sọ pé rárá fún èjẹ́ńtì oníjìbìtì. Èkejì kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á.

Ìbéèrè ìyá àgbà nípa ìlú kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìbéèrè ìyá àgbà yẹn lé orí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti 11 March 2024, ẹni tó bá lọ fún iṣẹ́ ìtọ́jú kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, láti 22 July 2025, wọ́n ti dáwọ́ gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí ọ̀nà mìíràn gbà yóò san 1,035 pọ́n-ùn fún ìtọ́jú ìlera ní ọdún kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbéra. Wọ́n á sì kọ ọ́ sórí físà rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ ìjọba kò kàn án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní owó ọmọ, ṣùgbọ́n àlejò yóò máa san owó orí sínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, kí ó tó lè fọwọ́ kàn án. Ní 2025, ìjọba ibẹ̀ sọ pé òun fẹ́ sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹbí tó wà ní Ọ̀tan ni yóò bọ́ ọ láti ìhín. Mo mọ ilé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Kánádà ṣí ọwọ́ díẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìwé ìgbélùú. Owó ọmọ tí wọ́n ti ń san láti 2016 kàn án bó ti kan onílé, bí ó bá sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, owó arúgbó ibẹ̀ lè kàn án lọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbà, owó oúnjẹ àti ilé nìkan tí wọ́n fẹ́ rí sì ti kọjá 20,000 dọ́là ibẹ̀. Ó lé ní ogún mílíọ̀nù náírà, kí wọ́n tó dárúkọ owó ilé ẹ̀kọ́.

Èkó: owó ilé ọdún kan, owó agírímẹ́ǹtì, owó èjẹ́ńtì, owó ọkọ̀ àárọ̀ àti alẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ ju ibikíbi lọ ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá sì ní ìbátan tí yóò sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́ta ti tó láti jẹ ohun tó mú dání tán. Ìbàdàn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ò wọ́n tó ti Èkó, mọ́tò lè gbé iṣu àti èlùbọ́ láti Ọ̀tan débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá olùkọ́ sì pọ̀ níbẹ̀.

Mo sọ èrò tèmi fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí wọ́n bi mí. Mo ní kí wọ́n má ta oko. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Ó ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, yóò sì tún gòkè sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n igi náà kò kúrò nílẹ̀. Oko yẹn nìkan ni ó lè dá ìyá àgbà lóhùn lónìí. Mo ní kí ọmọ lọ sí Ìbàdàn, kí ó máa kó owó jọ, bí ó bá wù ú láti lọ sí Kánádà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó gba ọ̀nà tó ní ìwé ìgbélùú. Dádì Òṣogbo kò fara mọ́ ọn. Ó ní ọjọ́ orí kì í dúró deni. Òun náà kò sọ ìsọkúsọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò yẹ kí ó jẹ́ oko kòkó kan ṣoṣo ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù yìí. Bí ìyá àgbà bá ní 10,000 tirẹ̀ lóṣù, tí bàbá náà yóò ní tirẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sí i, olùkọ́ yìí kò ní máa ka oúnjẹ wọn mọ́ iye tí yóò fi wọ ọkọ̀. Yóò lè yan ìlú tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Yóò tún lè yan Ọ̀tan, bí ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ bá san owó tó dára, nítorí àwọn òbí tó ní nǹkan lọ́wọ́ ni yóò máa san owó ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Kí wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri ààfin ọba ìlú kọ̀ọ̀kan, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo àdúgbò rí i. Kí owó máa wọlé tààrà sórí fóònù, ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, láìgba ọwọ́ olóṣèlú kankan. Kí ó jẹ́ òfin tí gómìnà tuntun kò lè fi ẹnu lásán pa rẹ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ọ̀hún pé ọdọọdún ni wọn yóò máa wo iye náà, tí gaàrí bá gbówó lórí, kí òun náà gòkè.